Párókù Tó Fi Ibùsùn Rẹ̀ Dáná

Àdìó, oorun àná kò fún mi nísinmi rárá. Ìwé ìtàn Róòmù ni mo kà sùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé "párókù" ni wọ́n ń pe ẹni tó ń pèsè igi ìdáná àti iyọ̀ fún àwọn ìjòyè ọba tó bá wà lẹ́nu ìrìn àjò. Bí mo ṣe sùn lọ, èmi fúnra mi di párókù.

Àwọn ìjòyè náà gun ẹṣin wá sí ilé ìgbàlejò ìjọba níbi tí mo ti fi ogún ọdún ṣe alásè.

"Párókù, igi dà?"

Mo kó igi fún wọn. Àwọn mìíràn tún dé. Nígbà tí igi tán, mo fi àáké la ilẹ̀kùn, mo la ibùsùn mi. Ó wá ku àpótí ìjókòó kan, àmọ́ ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí ló jókòó lé e.

Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, jọ̀ọ́ dìde, àwọn àlejò ń dúró."

Ó ní, "Àlejò wo? Wọ́n ti lọ tipẹ́. Ẹ wá jókòó."

Mo wo ìta, eérú nìkan ló wà níbẹ̀. Èjìká ń ro mí láti àárọ̀ yìí bí ẹni tó la igi lóòótọ́, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé mo jí kí n tó jókòó tì í.