Láàpútọ́ọ̀pù Inú Gààrí

Nígbà tí mo dojú láàpútọ́ọ̀pù náà bolẹ̀, gààrí dà sórí tábìlì mi. Mo gbọ̀n ọ́n, òmíràn tún dà.

Olúwadùnsìn dúró níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ganaja, ó wọ aṣọ ọ́fíìsì. Ó ní òrùlé ló jò sórí ẹ̀rọ náà nílé bàbá òun. Òun ti gbọ́ rí pé ìrẹsì gbígbẹ máa ń fa omi kúrò lára fóònù, ṣùgbọ́n ìrẹsì ò sí nílé. Gààrí ló wà. Òun rì í sínú àpò gààrí, òun sì so ẹnu àpò náà pa.

Mo bi í bóyá ó rántí fi ṣúgà sí i. "Ìrẹsì kì í wú bíi gààrí, Dùnsìn."

"Àǹtí Salome, ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín lọ. Ẹ ṣáà bá mi tún un ṣe."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dídùn, pé ọwọ́ mi lọwọ́ ìbùkún, pé èmi nìkan ni ìrètí tó kù. Mo ní kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í yọ gààrí lábẹ́ bọ́tìnnì. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ gan-an.

Bàbá rẹ̀, Obed, ní àìsàn rọpárọsẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Níbi iṣẹ́ Dùnsìn, wọ́n wá ní kó máa bọ̀ ní Àbújá, kò sì fẹ́ fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Old Market. Bàbá kọ̀, ó ní òun ò lọ. Wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, wọ́n ṣe àdéhùn. Bí Bàbá bá lè fi láàpútọ́ọ̀pù náà ṣe iṣẹ́ kan fún oníbàárà kan, kí oníbàárà náà sì gba iṣẹ́ náà, yóò dúró nílé rẹ̀, wọn yóò wá ẹni tí yóò máa bá a gbé. Bí kò bá lè ṣe é, kó di ẹrù rẹ̀, kó bá Dùnsìn lọ sí Àbújá. Oníbàárà náà ni Jàmíátù tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìdojúkọ ilé wọn. Lébẹ́ẹ̀lì ló fẹ́, tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó ń di ẹja sí kó tó fi ránṣẹ́.

Mo bi Dùnsìn èwo ló wù ú nínú méjèèjì. Ó wo ilẹ̀.

"Mo fẹ́ kó lè ṣe é, àǹtí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Mo gba ẹ̀rọ náà.

Obed yìí, ọ̀gá mi ni. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ wà ní Old Market, níbi tí atẹ́gùn odò Ọya ti máa ń gbé òórùn ẹja wọlé tọ̀ wá. Táípùráítà la fi bẹ̀rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nupe á wọlé, Igala á wọlé, Ebira á wọlé. Haúsá la fi ń dá ọ̀pọ̀ wọn lóhùn, a ó sì fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wa bí wọ́n bá ti jáde. Èmi ni mo ń gbálẹ̀. Ọ̀gá rí i pé ọwọ́ òun ni mo ń wò, kì í ṣe ilẹ̀ tí mo ń gbá, ló bá gbé ògbólógbòó táípùráítà kan síwájú mi. Ó da aṣọ ìnujú bo ọwọ́ mi. Ó ní kí n fọwọ́ wá lẹ́tà, kí n má fojú wá a.

Òfin kan ló ní: ọwọ́ òsì kì í kọjá àárín lọ sí ilẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún. Bó bá kọjá, rúlà á bá a sọ̀rọ̀.

Bí a bá sì tún ẹ̀rọ kan ṣe tán, tàbí bí a bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, ohun tí Ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ni "Okun o." Bí àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogi ṣe ń kíra wa nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi ń pè wá. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ tí kò bá lè kí èèyàn, ara rẹ̀ ò tíì yá. Títí dòní, òun ni mo fi ń dán ẹ̀rọ wò. Àwọn oníbàárà mi ń rò pé àdúrà ni.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Omíyalé wọ ibẹ̀ lọ́dún kan, Ọ̀gá sì kó ìwọ̀nba ẹrù tó kù lọ sí pálọ̀ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá gbé mi kọjá níbẹ̀, n kì í yíjú síbẹ̀.

Mo tú láàpútọ́ọ̀pù náà. Gààrí ti wú lábẹ́ bọ́tìnnì, ó ti gbẹ mọ́ ọn bí àtè, pàápàá lápá ọ̀tún. Mo pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù, mo gbọn fáànù, mo fi díìsìkì tó yára sí i. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú àwọn iṣẹ́ àtijọ́ Ọ̀gá. Mo sọ lẹ́tà ojú ẹ̀rọ di ńlá. Mo ṣe é kó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n lórí bọ́tìnnì, lẹ́tà kan ṣoṣo ni yóò jáde. Dùnsìn ní kí n fi èyí téèyàn ń bá sọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú, kí bàbá òun máa sọ ọ́ kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́. Mo fi sí i.

Nígbà tí mo gbé e dé Old Market, Ọ̀gá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àpótí aṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í tán. Mo ṣàlàyé pé apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù ni gààrí bà jẹ́ jù.

"Apá kan náà ló kú lára èmi àti ẹ̀," ó ní. "Èmi ṣáà ò bọ́ sínú gààrí."

Ó bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wúwo díẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì mọ èdè wa dáadáa. Ó ní "ẹja," ẹ̀rọ kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀. Ó tún un sọ, ẹ̀rọ kọ òmíràn. Dùnsìn bá a sọ ọ́ sókè, bí ẹni ń ṣe ògbufọ̀ fún àlejò, ni bàbá rẹ̀ bá pa ẹnu dé.

Ó gbé ọwọ́ òsì lé bọ́tìnnì. Àwọn lẹ́tà apá òsì jáde wéré, bíi ti àtijọ́. Ọwọ́ náà dé àárín, ó dúró. Ó sì padà sẹ́yìn. Mo ní kó kọjá, rúlà ò sí mọ́.

"Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá," Ọ̀gá wí. "Kò gbọ́. Mo ti kọ́ ọ jù, Salome." Ó wo àpótí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ máa gbé e lọ sínú mọ́tò."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀ sí i.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo padà dé Ganaja, kò sí oníbàárà kankan. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ abẹ́ itan, mo ní kí n tẹ "Okun." N kò rí ọ̀kan tẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń tẹ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, Ọ̀gá ò lè tẹ ìkíni rẹ̀.

Mo fa ọwọ́ yọ, mo pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ lójú ara wọn bí ẹni fẹ́ gbàdúrà. Ìka pàdé ìka. Ìka àárín òsì kan ìka àárín ọ̀tún. Mo wá rò ó pé bí ọwọ́ òsì ò bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ lẹ́tà, kí lẹ́tà wá bá a, kí lẹ́tà ìka ọ̀tún kọ̀ọ̀kan wá sábẹ́ ìka òsì tó bá a dọ́gba.

Mo wá ètò kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà. Mo ṣe é kó jẹ́ pé bí àtàńpàkò bá tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, apá òsì á di apá ọ̀tún. Bó bá tú u sílẹ̀, apá òsì á padà sípò. Mo bà á jẹ́ kó tó dára. Ìgbà kan wà tí bọ́tìnnì gbọọrọ náà ò fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Mo tún un ṣe.

Mo padà lọ sí Old Market. N kò ṣàlàyé púpọ̀. Mo yọ aṣọ ìnujú mi lápò, mo da á bo ọwọ́ òsì Ọ̀gá. Ó wojú mi. Kì í ṣe aṣọ ìgbà yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀.

"Ẹ fi àtàńpàkò tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ mọ́lẹ̀," mo ní, "kẹ́ ẹ wá ṣe é bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń ṣe é."

Aṣọ náà mì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ò jọ nǹkan kan. Ó pa á rẹ́, ó dijú. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Okun o.

Ọ̀gá là ojú, ó kà á. "Okun o," mo dá a lóhùn, bí a ti máa ń ṣe é láàárọ̀.

Lébẹ́ẹ̀lì Jàmíátù gba gbogbo ọ̀sán yẹn. Nígbà tí a pè é wọlé, ó wò ó títí, ó ní orúkọ òun kéré, ó ní ṣé ẹja ló ni òun ni àbí òun ló ni ẹja. Ọ̀gá ní bó bá fẹ́ orúkọ tó tóbi, kó lọ kọ ọ́ sára ògiri. Wọ́n bá ara wọn jiyàn bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ọ̀gá sọ orúkọ náà di ńlá nígbẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, Jàmíátù sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìkí ẹnikẹ́ni pé ó ṣeun. Inú mi dùn sí i. Èèyàn kì í bá ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe é jà.

Dùnsìn dìde, ó lọ ṣí àpótí ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n kọ́ sára ìṣó padà. Ó kọ̀yìn sí wa, n kò rí ojú rẹ̀.

Ọ̀gá ò gbé ọwọ́ kúrò lábẹ́ aṣọ. Ó ti ń tẹ nǹkan mìíràn.

"Dùnsìn," ó ní, "kó o tó máa lọ sí Àbújá, ra ìrẹsì sílẹ̀."