Kúìtì Nótíìsì Nínú Orí Tìjání

Wọ́n ní kí n kó jáde. Èmi! Èmi tí mo wà nínú orí yìí kí orí tó lórúkọ. Ẹ bá mi wo ìwọ̀sí.

Ìdí Ọpọlọ ni wọ́n ń pè mí, ibi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Orí tí mò ń wí, orí Tìjání ni, bíríkìlà ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń rẹ́lé fún àwọn olówó lẹ́bàá ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, ní Igbó Ẹfọ̀n. Iṣẹ́ mi ni kó máa mí, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù. Ó ń sùn, mò ń ṣiṣẹ́. Ó ń jà, mò ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tá a jọ ń gbé kò pọ̀. Ọpọlọ Kékeré wà lẹ́yìnkùlé mi. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ Tìjání yẹ̀ lórí pákó tó ń gùn ṣiṣẹ́. Àǹtí Ìjayà wà láàárín, yàrá rẹ̀ kò ju kóró ẹ̀pà lọ, àmọ́ tí koríko bá mì báyìí, á ti ké “Ejò!” kí ojú tó rí i pé okùn ni. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Òkè, tó tẹ́ ara rẹ̀ lé gbogbo wa lórí. Òun ló ń ṣírò, òun ló ń sọ̀rọ̀, òun náà ló ń fọ́nnu.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó purọ́ fún yín o. Nígbà tí àwọn baba ńlá Tìjání ṣì jẹ́ ẹja, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àgbà, yàrá kan ni Ọ̀gá Òkè gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbóòórùn. Òórùn lásán! Ìgbà tá a jáde sórí ilẹ̀, tá a lẹ́sẹ̀, tá a gungi, tá a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀, ló bá ń fẹ̀. Ó da dẹ́kì lé Àǹtí Ìjayà lórí, ó da dẹ́kì lé èmi náà, kò sì sẹ́ni tó kó jáde fún un, bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ajah níbẹ̀ yẹn: ayálégbé ń dáná nísàlẹ̀, bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù lókè. Nígbà tí egungun orí kò gbà á mọ́, ó ká ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n rún sínú àpò. Mi ò bá a jà.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ọládayọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Òun ló ni ilé tí Tìjání ń rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró nísàlẹ̀, ó nawọ́ sí bọ́ńgálò àtijọ́ tó wà nínú ọgbà. Ó ní, “Wíwó ni èyí. Kí ni mo fẹ́ fi ilé ìgbàanì ṣe?”

Etí Tìjání gbọ́ ọ, ó gbé e lọ sókè. Lójú ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá Òkè pèpàdé.

“Ẹja kọ́ ni wá mọ́,” ó ní. “Èmi náà mọ̀ ọ́n mí. Nígbà tí Tìjání rì wọ inú òkun l'Eleko, ta ló di èémí mú? Ṣé èmi kọ́ ni? Ìwọ Ìdí Ọpọlọ, gba kúìtì nótíìsì rẹ.”

Ó pè mí ní “ìwọ”! Inú bí mi. Mo ní, “Ó dáa. Gba èémí, máa mí. Mo búra, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ àfi tó o bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí, kí n sì fi etí mi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà.” Ọkàn nìkan ni mo dì mú.

“Ẹ̀gbọ́n,” Ọpọlọ Kékeré ní, “orí pákó ni Tìjání wà o! Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!”

Mo jókòó ti ọkàn, mò ń wòran.

Ọ̀gá Òkè bẹ̀rẹ̀. Fà á wọlé. Tú u jáde. Fà á wọlé. Kò pẹ́ tí kò fi ráyè nǹkan míì mọ́. Tìjání dúró gbagidi síwájú ògiri, sìmẹ́ǹtì ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Aláǹgbá gun apá rẹ̀, ó mi orí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Lébìrà kan tó ń jẹ́ Dúró, tó ń po sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, pariwo: “Ẹ̀gbọ́n Tìjání! Sìmẹ́ǹtì ti ń le o!”

Kò sí èsì. Tí Ọ̀gá Òkè bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò mí? Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ,” Ọpọlọ Kékeré sọ fún mi. Mo ní kó panu mọ́.

Dúró tún pè: “Ẹlẹ́wà ti dé o! Ṣé kí n bá yín ra búrẹ́dì mọ́ ọn?”

Ẹ̀wà! Ọ̀gá Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ṣé ata rẹ̀ dín dáadáa? Ṣé dòdò wà? Ibi tó ti ń rò ó ló ti gbàgbé. Èémí bá dúró.

“A kú o!” Àǹtí Ìjayà figbe ta. “Yéè, a kú o!”

Ọ̀gá Òkè ta gìrì, àmọ́ ìpayà kò jẹ́ kó mọ èyí tí wọ́n ń fà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tú jáde. Ojú Tìjání ń ṣú. Ọ̀gá Òkè yíràá wá sísàlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Ẹ gbọ́, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ń retí ẹ̀bẹ̀.

Ó la ẹnu. Kò sóhùn.

“Sọ̀rọ̀!” mo ní.

Ó tún la ẹnu. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kò séémí tó lè fi bẹ̀ mí.

“Ẹsẹ̀ kan ti kúrò lórí pákó!” Ọpọlọ Kékeré ń sunkún.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Èmi ni mo fa èémí àkọ́kọ́ fún ọmọ yìí lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i, kó tó ráyè ké. Mo gbé ìbúra mi mì. Mo fà á.

Tìjání mí kanlẹ̀. Ó gbá ọparun tó gbé pákó dúró mú, ẹsẹ̀ padà sórí pákó. Dúró ti sáré gun àkàbà débẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín?”

Mo ń retí ẹ̀bẹ̀ mi. Èémí ti wà wàyí. Ọ̀gá Òkè dìde, ó gbọn ara rẹ̀ nù, ó gba èyí tí mo fà fún un, ó fi la ẹnu Tìjání.

“Kò séwu,” ó ní. “Mo kàn ń ronú ni.”

Mo tún mí fún un.