Ìka Kan Lókè ní Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Nébò

4.

…kí ló dé tí a ó fi ọ̀tá wa sílẹ̀, tí a ó wá lọ da ìpàdé ọ̀rẹ́ wa rú?

Jerusha Tolliver ló bi Keon, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ oníwọ̀de, bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀tá ò ní gbọ́," ni Keon wí. "Ọ̀rẹ́ ló létí."

(Apá kìíní dé ìkẹta kò sí níbí. Ìjà lórí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀.)

5.

ÌKÉDE LÁRA ÒGIRI ṢỌ́Ọ̀ṢÌ, CARVERTON, OHIO

ỌJỌ́ ÌSINMI YÌÍ, LẸ́YÌN ORIN KEJÌ, Ọ̀GBẸ́NI GRAHAM PETTIBONE, OLÙDÍJE FÚN IPÒ OLÓRÍ ÌLÚ, YÓÒ BÁ WA SỌ̀RỌ̀. ẸJA DÍNDÍN WÀ NÍSÀLẸ̀. Ẹ MÁ SỌ̀ KALẸ̀ KÍ ÀDÚRÀ TÓ PARÍ. Ẹ MỌ ARA YÍN.

6.

Ohun tí Jerusha fẹ́ kò pọ̀. Ọlọ́pàá yìnbọn pa Lamont, àbúrò rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn. Brannock, ọ̀gá ọlọ́pàá, ní kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Jerusha fẹ́ kí Pettibone sọ ọ́ lójú ayé pé bí òun bá wọlé, Brannock ń lọ.

Òyìnbó dáadáa ni Pettibone, kò ṣeé bá jà. Ó ti sunkún nítorí Lamont lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti bá wọn wọ́de nínú òjò. Gbólóhùn kan yẹn ni kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.

7.

KEON: Bó bá ti ní "ẹ̀yin ará mi," dìde. Gba máìkì.

JERUSHA: Ìyá Ozella ló ń ṣọ́ àárín ìjókòó lónìí.

KEON: Ìyá arúgbó yẹn?

JERUSHA: O ò dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

8.

Ní Òkè Nébò, ẹni tó bá fẹ́ jáde nígbà ìsìn á na ìka kan sókè, á tẹrí ba, á máa yọ́ rìn. Ìyẹn ni pé ẹ jọ̀ọ́, mò ń jáde. Wọn kì í fi kọ́ ọmọ níbẹ̀. A bí i mọ́ wọn ni.

Jerusha ti ń dánra wò bí yóò ṣe rìn bíi kìnnìún dé ibi máìkì. Ó dìde. Ìka rẹ̀ náà dìde. Ó fi ọwọ́ kejì fà á wálẹ̀, ìka kọ̀. Keon àtàwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù rò pé àmì ni, wọ́n na tiwọn náà.

Ìyá Ozella, oníbọ̀wọ́ funfun, rò pé wọ́n ń jáde ni, ó yà fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, níbi tí Pettibone dúró sí, ni ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

9.

OHUN TÍ FÓÒNÙ GBÀ SÍLẸ̀

PETTIBONE: Ẹ máa bọ̀. Ẹ gba máìkì.

JERUSHA: Ẹ má fún mi. Èmi ni mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín.

PETTIBONE: Òótọ́ lẹ sọ. (Ó fà á sẹ́yìn. Jerusha já a gbà.)

JERUSHA: Tẹ́ ẹ bá wọlé, ṣé ẹ máa lé Brannock?

PETTIBONE: Ọ̀rọ̀ Lamont dùn mí wọra.

JERUSHA: Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ṣé ẹ máa lé e?

PETTIBONE: Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo fara mọ́.

JERUSHA: Mi ò sọ nǹkan kan. Mo bi yín léèrè ni.

OHÙN KAN LÁTI Ẹ̀YÌN: Dá a lóhùn, ọmọ mi.

10.

Pettibone wo ọ̀tún, ìka. Ó wo òsì, ìka. Ó rò pé àmì ìṣọ̀kan ni. Orí rẹ̀ wú. Ó na ìka tirẹ̀ náà sókè réré, omi sì lé sójú rẹ̀.

11.

Ìyá Ozella dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́.

12.

ÌYÁ OZELLA: Ọ̀nà ibí ni. Rọra, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀.

PETTIBONE: Màmá, mi ò tíì dáhùn —

ÌYÁ OZELLA: Ṣebí ìwọ lo na ìka?

13.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Jerusha náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí Verdell, ìyá rẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dùn ún gan-an. Máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò dáhùn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níta.

14.

LÁTI ỌWỌ́ ÀWỌN TÓ Ń POLONGO ÌBÒ FÚN PETTIBONE: Ẹ ṣeun, Òkè Nébò. A GBỌ́ YÍN.

15.

Ọjọ́ ìbò. Nílé ìdáná.

JERUSHA: Màmá, ta lẹ dìbò fún?

VERDELL: Pettibone.

JERUSHA: Kò dá wa lóhùn o.

VERDELL: Mo wà níbẹ̀.

JERUSHA: Ẹ sì tún dìbò fún un?

VERDELL: Ẹnì kejì tó ń bá a díje ní Brannock ṣe dáadáa. Tí Pettibone ò bá wọlé, ta ni mo fẹ́ máa bi léèrè ọmọ mi?