Ìkíni Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dáhùn

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2007, ni Súmbọ̀ Ọláníyan kí àgbàlá tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ségesège. Ó tún ojú ewé náà ṣí, ó sì dúró. Ìkíni rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo àgbàlá. Ṣé àlàáfíà ni a jí?" Àwọn obìnrin méjì mìíràn kí lẹ́yìn rẹ̀, ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn sì sáré dá àwọn yẹn lóhùn, wọ́n ń bi wọ́n léèrè oorun, ilé àti oyún. Tirẹ̀ ni wọ́n fò kọjá bí ẹni tí ó fo kòtò.

"Aunty Súmbọ̀," ni Bartholomew wí láti ìdí tábìlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ó ni kafé náà, ní Ìkòsí, nítòsí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Súmbọ̀ ti ń ṣe tíṣà. "Ojú kan náà lẹ ti ń wò látàárọ̀. Àbí network ti lọ ni?"

"Kò lọ," ni Súmbọ̀ fèsì. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Èmi ni wọn ò bá sọ̀rọ̀."

"Ah! Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi kọ̀ǹpútà mi o. Mi ò ní dá owó padà."

Àgbàlá Abiyamọ ni orúkọ ibẹ̀. Ibùdó kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára wọn, tàbí tí wọ́n ti sin ọmọ, ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Súmbọ̀ rí i ní ọdún tí ó ṣáájú, lẹ́yìn tí ó bí ọmọkùnrin kan tí kò ké. Nígbà náà, gbogbo ẹni tí ó wọ ilé wọn ní Kétu ni ó ń sọ fún un pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́, pé kí ó má sunkún mọ́. Nínú àgbàlá nìkan ni ẹnìkan ti dá a lóhùn lọ́nà mìíràn. Ẹni tí ó dá ibẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbàlá, kọ̀wé sí i pé: "Agbè náà mọ omi tí ó gbé. Sunkún, ọmọ mi. A jókòó tì ọ́."

Súmbọ̀ ka ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀wọ̀ obìnrin tí kò rí rí ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ojú Ìyá Àgbàlá. Àwọn kan ní nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn mìíràn ní Magodo ni ó wà, lẹ́yìn géètì àwọn olówó. Ohun tí ó dá wọn lójú ni pé bí ó bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo àgbàlá a pa rọ́rọ́. Òun ni ó fi ìkíni ṣe òfin àkọ́kọ́ níbẹ̀: ẹni tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí, ẹni tí ó bá wà nílé gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún Súmbọ̀ lójoojúmọ́ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn, tí kò ní ojú, lè mú kí òun tí òun wà ní Kétu dìde lórí ibùsùn, kí òun wẹ̀, kí òun jẹun.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ kò ju ìbéèrè kan lọ. Ìyá Àgbàlá ti pàṣẹ ní ọjọ́ Àìkú pé kí gbogbo aboyún àgbàlá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú Súmbọ̀. Ó béèrè ní gbangba pé: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara mi ní ilé ìwòsàn. Ṣé mo lè máa gbàdúrà, kí n sì máa jẹun?"

Kò sí ẹni tí ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kí Ìyá Àgbàlá tó fèsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ìdáhùn dé. Kì í ṣe òun ni a kọ ọ́ sí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnìkan wà láàárín wa tí ó gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá a lóhùn, kí ó tẹ̀lé e lọ."

Súmbọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó kọ̀wé pé òun kúnlẹ̀, ó kọ̀wé pé òun dojúbolẹ̀, ní àárọ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó sì gba ààwẹ̀ náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì ń parí lọ, Ìyá Àgbàlá tún sọ̀rọ̀:

"Ẹ wo ẹni tí ó ń kúnlẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé òkú ọmọ rẹ̀ wá pé kí ó wò ó fún ìgbà ìkẹyìn, ọwọ́ ni ó fi bo ojú. Ọmọ wo ni yóò tún fẹ́ wá sọ́dọ̀ ìyá tí kò lè wo ojú rẹ̀?"

Súmbọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá tí ó bí i. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ìyá Àgbàlá nìkan ni ó sọ ọ́ fún ní ìkọ̀kọ̀, ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ wúwo jù. Kò sunkún. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ààrá sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ohun tí ó ń yà á lẹ́nu ni pé ọwọ́ tí ó nu omijé rẹ̀ ni ó mọ ibi tí ọgbẹ́ wà gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò jẹun. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dìde, wọ́n kí i, kò sì rántí pé ó yẹ kí òun dáhùn.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń ru," ni Bánjí ọkọ rẹ̀ wí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé. Akọ̀wé ni Bánjí ní iléeṣẹ́ kan ní Anthony, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. "Nọ́ọ̀sì ní o ti fọn. Ó ní bí o bá ń bá a lọ báyìí, oyún yìí lè bọ́. Súmbọ̀, ẹni tí o kò rí rí!"

"O ò rí Ọlọ́run rí, o sì ń bẹ̀rù rẹ̀."

"Ṣé Ọlọ́run ni obìnrin yìí ti wá dà?"

Bánjí wò ó títí, lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ó dáa, bí ìkíni bá ni, èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyáálé mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú bí ẹ ṣe ń wò mí bí ẹni wo jàgídíjàgan o!"

Ní ìgbà mìíràn, èyí ì bá pa á lẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó gbé e dìde, ó sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Bánjí, ó ti gégùn-ún fún ọmọ yìí. Bí kò bá dárí jì mí, kò ní wá."

Bánjí kò ṣàwàdà mọ́. Fóònù ni ó gbé, ó sì pe àbúrò ìyá Súmbọ̀, Alájà Ajarat, tí ó ń ta ata àti tòmátì ní agbọ̀n-agbọ̀n ní Mile 12.

"Ẹ rán an sí mi ní Sátidé," ni Alájà wí. "Kí ó tètè dé. Oòrùn ò gbọdọ̀ bá a nílé."

Láti ìgbà tí Súmbọ̀ ti ń gbé Kétu, kò tí ì rí Mile 12 ní ìdájí rí. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó dúró gbagidi. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti òkè Ọya wá tò lọ rẹrẹẹrẹ bí àdúgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, wọ́n sì ń já agbọ̀n tòmátì sílẹ̀ láti orí wọn. Agbọ̀n gun orí agbọ̀n títí wọ́n fi ga ju ènìyàn lọ, pupa bẹ̀lẹ̀jẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ iná ọkọ̀. Àwọn alábàárù ń sáré kọjá, wọ́n ń ké "Hánya! Hánya!" kí a lè yà fún wọn. Lórí gbogbo ariwo yìí ni ìkíni ń fò láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, láàárín àwọn tí kò rí ojú ara wọn nítorí agbọ̀n.

"Ẹ kú ìdájí o, Alájà!" ni ohùn obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn òkè tòmátì.

"Ìdájí á sàn wá o, Kabirat!" ni Alájà Ajarat dáhùn, ó sì jókòó padà sórí àpótí rẹ̀. "Súmbọ̀, jókòó. Mu ẹ̀kọ yìí. Wo bó o ṣe gbẹ bí igi ìsáṣọ."

"Àǹtí, Kabirat tẹ́ ẹ jọ ń ṣẹjọ́ lórí ìsọ̀ nìyẹn? Ṣé ẹ ti parí ìjà ni?"

"Parí kẹ̀? Ọjọ́bọ̀ la tún ń lọ sí kóòtù. Olè ni."

"Ẹ sì dá a lóhùn?"

"Ìkíni ló kí mi. Kò bú mi." Alájà wò ó bí ẹni tí ó béèrè ìdí tí a fi ń mí. "Tiẹ̀ gbọ́. Agbọ̀n wó lu Ìyá Mojeed níbí yìí nígbà kan. Ariwo ò jẹ́ ká gbọ́ igbe ẹ̀. Kabirat yìí ló kí i. Ìjà wà láàárín wọn o, ìjà tó le. Ó kí i, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún kí i. Ló bá figbe ta pé, 'Ẹ gbà mí, Ìyá Mojeed ò dáhùn!' Abẹ́ agbọ̀n la ti hú u jáde, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Látìgbà yẹn, ọjà yìí ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹnì kan kí ẹnì kan tí ò dáhùn. Jà títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n dáhùn. Ẹni tí ò bá dáhùn, òun la máa ń sáré lọ wò."

Ẹ̀kọ dúró lọ́wọ́ Súmbọ̀. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ àgbàlá fún un, títí kan ti ọwọ́ tí ó fi bo ojú. Alájà tẹ́tí gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ ta ni obìnrin náà?" ni ó béèrè nígbẹ̀yìn.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Àǹtí."

"Ilé ẹ̀ ńkọ́?"

"A ò mọ̀ ọ́n."

"Subuhanallahi!" Alájà mi orí. "Èmi tí mo jókòó níbí, ọmọ ìsọ̀ mi ò gbọ́ tèmi. Òun tẹ́ ẹ ò mọ̀ sọ pé kẹ́ ẹ má jẹun, ẹ ò jẹ. Ó lágbára o. Ó lágbára gan-an." Ó fi etí aṣọ nu ojú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ojú ọmọ yẹn, Súmbọ̀, èmi wò ó. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ó jọ bàbá rẹ. Àánú rẹ ló ṣe mí, pé o ò lè wò ó. Kò sẹ́ni tó bínú sí ọ."

Nígbà náà ni Súmbọ̀ sunkún. Ó mu ẹ̀kọ náà tán. Kí ó tó lọ, Alájà di tàtàṣé sínú ọ̀rá fún un.

Kafé Bartholomew ti ṣí nígbà tí ó dé Ìkòsí. Kò fẹ́ yà níbẹ̀, ó sì yà. Ọ̀rọ̀ kan ń dúró dè é ní ìkọ̀kọ̀.

"Ọmọ mi, ìyà náà tó. Kí ilé, ilé yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n aláìgbọràn mìíràn wà nínú àgbàlá. Má ṣe dá a lóhùn."

Súmbọ̀ fa kíbọ́ọ̀dù súnmọ́ra. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo àgbàlá." Kò tí ì mí kanlẹ̀ tí ìdáhùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. "Káàbọ̀ o, àbúrò wa!" "Olóyún wa, àárò rẹ ti sọ wá!" "Mo ń gbàdúrà fún ọ ní ìkọ̀kọ̀!" Lókè gbogbo wọn ni Ìyá Àgbàlá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi." Ayọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dẹ́rù bà á.

"Aunty, ẹ máa rọra," ni Bartholomew wí. "Omi ojú yín ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù. Water no be him friend o."

Súmbọ̀ nu ojú rẹ̀, ó sì wo ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìkíni kan tí ó dá dúró. Ìyá Tiwa ni ó kọ ọ́. Obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ní Mende, ó sì ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ó kú pe ṣọ́ọ̀bù náà. Súmbọ̀ yí ojú ewé náà padà sẹ́yìn. Ní Ọjọ́rú, Ìyá Tiwa ti kọ ọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún mi." Ní Ọjọ́bọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹnì kankan wà nílé?" Ní ọjọ́ Ẹtì: "Ẹ káàárọ̀." Ti òní kò ju "Ẹ" lọ, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè parí rẹ̀. Ìdáhùn kan kò sí lábẹ́ ọ̀kankan.

Ẹ̀rù bà á. Ègún náà ṣì wà lára rẹ̀ bí aṣọ tútù, ìkíni àwọn ènìyàn sì ń ya wọlé síbẹ̀, wọ́n gbóná, wọ́n dùn. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́, ní gbangba, níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i:

"Ìyá Tiwa, ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ yín. Ṣé ẹ ti jẹun? Nọ́ńbà mi nìyí, ẹ pè mí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú ewé náà tó funfun, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi yọ sórí rẹ̀ pé a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò sì mọ̀ bóyá Ìyá Tiwa rí i kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń wò ó. Fóònù náà kò dún.

"Aunty, time yín ṣì kù o," ni Bartholomew wí.

"Lò ó fún ẹlòmíràn," ni Súmbọ̀ dá a lóhùn. "Ibo ni mo ti lè wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Maryland?"

"Maryland kẹ̀? Mo rò pé ilé lẹ ń lọ."

"Mende ni mò ń lọ. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí kò dáhùn."

Ó gbé ọ̀rá tàtàṣé rẹ̀, ó kí Bartholomew pé ó dàbọ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkùnrin náà fi dáhùn, kí ó tó jáde lọ.