Ìṣẹ́kù Àdín Agatha

Ní ọjọ́ kẹrin tí Fẹ́yìsetán ti ń fi àdín tuntun pa apá òsì ara rẹ̀, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé ata ni wọ́n fi ra á. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, awọ ibẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Ẹnu yà á. Láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ àdín síse lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Iyere, àdín rẹ̀ kò jó ẹnikẹ́ni rí. Ọlámúyìwá ló sì tìtorí rẹ̀ se èyí, ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Agatha ọmọ rẹ̀ bí ní Ọ̀wọ̀. Òfin ilé wọn ni pé ẹni tó bá se àdín ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ dán an wò fún ọjọ́ méje.

Ó jókòó, ó ń tú iṣẹ́ náà wò bí ẹni tó ń tú aago. Ekùrọ́ ńkọ́? Ó rún èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́nu, kò bu. Iná ńkọ́? Bí iná bá pọ̀ jù, àdín a máa korò. Èyí kò korò. Ìkòkò irin rẹ̀ sì rèé, kò yí i padà láti ọdún 1971.

Kí ló wá kù? Ìṣẹ́kù! Nínú ìdílé wọn, wọn kì í jẹ́ kí àdín ilé gé. Ohun tó bá kù nínú ìgò olúkúlùkù ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgò Agatha nìkan ló wọlé.

Ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ tí Agatha fi wọlé, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Àdín wa ti jinná?"

"Ó jinná, ó sì bá mi se apá mọ́ ọn." Fẹ́yìsetán na apá sí i. "Kí lo pò mọ́ èyí tó wà nínú ìgò rẹ?"

Agatha wo apá náà, ó rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Kìríìmù díẹ̀ ni, Màmá. Èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì wa fi ń bóra."

"Yéè! Mo ṣebí abẹ́ fáànù ọ́fíìsì ló ń mú ọ pọ́n!" Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ó rántí ọmọ. "Ọmọ ńkọ́? Kí lo fi ń pa ọmọ?"

"Mo bù díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún un kí n tó fi ìgò ránṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ló wo etí rẹ̀, wọ́n ní ó dúdú bí ìdí ìkòkò, pé bí gbogbo ara rẹ̀ yóò ṣe rí nìyẹn."

"Bàbá rẹ dúdú bí kóró iṣin, ṣé mo dá a padà fún wọn?"

Ó já ọ̀já. Abíyá ọmọ àti àárín itan rẹ̀ ti bó, ó pupa yòò, omi ń sun níbẹ̀. Fẹ́yìsetán kò dúró wá gèlè. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ ni wọ́n wọ̀, ó di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tú ọmọ wò, ó gbóòórùn àdín lára rẹ̀, ó kọjú sí ìyá àgbà. "Ẹ̀yin náà ni, Màmá! Àdín yín yìí lẹ fi ń ba ara ọmọ jẹ́."

Fẹ́yìsetán wo Agatha. Agatha ń wo ilẹ̀. Fẹ́yìsetán lè gba ẹ̀bi lọ sílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tọ́jú àdín nígbà tó jẹ́ pé kìríìmù ló wà lára, oògùn kò ní í bá àrùn pàdé.

"Agatha, wọn ò lè wo ohun tí wọn ò mọ̀. Sọ ọ́."

Agatha ṣí báàgì rẹ̀. Ó gbé kìríìmù kan sórí tábìlì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ tún padà sínú báàgì. Ó mú èkejì jáde, inú páálí ló ṣì wà.

"Èmi ni mo ni àkọ́kọ́," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Èyí ni mo rà fún ọmọ."