Àwo Mẹ́fà Ìyá Mi ní Leyogàn

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú méjì ló wà lápò mi nígbà tí mo padà sí Leyogàn, ìlú tí wọ́n bí mi sí, ọdún kan lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti ìyá mi, Idalya. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń dá gbé ní Monreyal, ní Kánádà, nínú yàrá kan tó kọjú sí ògiri. Mo fẹ́ mú un lọ. Kò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun se legim, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gígún tí à ń jẹ lọ́jọ́ Àìkú, ná.

Láti òwúrọ̀ ló ti fi ọsàn kíkan fọ ẹran màlúù. Ìkàn ńlá, militon tó dà bí elégédé kékeré, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì kún ìkòkò tó tó wẹ ọmọ ọwọ́.

"Màmá, àwa méjì péré la ó jẹ ẹ́. Ẹ sè é níwọ̀n."

"Legim ẹni méjì? Ta ló ń ṣàìsàn nínú wa?"

Ó yọ ẹran àti akàn sọ́tọ̀, ó gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́ kí n fi gún ẹ̀fọ́ tó ti rọ̀.

"Gún un, Fenelon. Àbí o ń bẹ̀ ẹ́ ni?"

Nígbà tí ó da ẹran àti akàn padà, tí ọbẹ̀ sì ki, ó to àwo mẹ́fà sórí tábìlì, ó bu ìrẹsì àti legim sí wọn, ó fi aṣọ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ti Roselòr nìyí, mo ti fa ẹran rẹ̀ ya wẹ́wẹ́, kò léyín mọ́. Èyí tí akàn pọ̀ nínú rẹ̀, Anasten ló ni ín. Ó yá, gbé wọn lọ."

Èmi ẹni ogójì ọdún, tòun ti táì lọ́rùn, ni mo ń gbé àwo kiri àdúgbò. Roselòr na ọwọ́ gba tirẹ̀ lórí ọgbà.

"Ọ̀gá Monreyal ti di agbáwo. Wọ́n ní o fẹ́ jí Idalya gbé. Kí o rántí mú ìkòkò rẹ̀ dání o, kí a kúkú mọ̀ pé ó ti tán."

Anasten, télọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Ó dá àwo ọ̀sẹ̀ tó kọjá padà. Àwo kì í padà lófìfo lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ó fi bọ́tìnnì mẹ́rin sínú rẹ̀.

"Tí o bá se legim lọ́hùn-ún, ta lò ń gbé fún?"

Mo ronú kan ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

"Mi ò gbé e fún ẹnì kankan, ẹ̀gbọ́n."

Ó mirí, ó jókòó, ó ń jẹun rẹ̀.

Ìyá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Tí o bá ní kí n máa bọ̀, màá bá ọ lọ. Mi ò ní ya tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi rà."

"Ṣé ó wù yín láti lọ?"

"Ìwọ ni mò ń bi."

Mo ní, "Ẹ dúró síbí, Màmá."

Ó bu oúnjẹ mi wá. Ó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, kò sì fọwọ́ kan tirẹ̀.

Ìyá mi lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Anasten ló rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí ìyá mi lò láyé lọ báyìí. Mo ṣì gbà pé mo ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n n kò bi í rí, bóyá ohun tó ń retí lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ni pé kó máa bọ̀.