Warda, Ewúrẹ́ Tó Jẹ Ọkọ̀ Ogun

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní gbogbo Òkè Tútù yìí, láti Derna títí dé Bẹngásì, kò sí darandaran tó dà bí èmi Lamlum, kò sì séwúrẹ́ tó dà bí Warda mi. Tí Warda bá wo kìnnìún lójú, kìnnìún á kọ́kọ́ kí i. Ẹ̀gbọ́n mi Miftah ló fún mi ní Warda yìí nígbà tó ṣì kéré bí ológbò.

Miftah yìí làwọn Táliánì tó fipá gba ilẹ̀ wa mú. Wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń gbé ọkà báálì lọ fáwọn èèyàn wa tó ń bá wọn jà nínú igbó, ni wọ́n bá tì í mọ́ bárékè wọn lórí òkè. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ fún wọn ló wá sọ fún wa pé, tó bá ti di ọjọ́ ọjà, wọ́n á so ó rọ̀ níwájú gbogbo ayé. Ọjọ́ ọjà sì ku ọ̀túnla.

Látìgbà yẹn ìyá wa ò jókòó mọ́. Á dìde, á yọjú síta àgọ́, á padà wọlé, á tún dìde. Tíì tó gbé kaná, ó hó títí ìkòkò fi gbẹ.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ó ní, "ṣé ẹ̀ ń dúró kí wọ́n gbé òkú ẹ̀ wá kí mi ni?"

Ìbọn wà o. Àwọn bàbá wa ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ látìgbà ogun tó kọjá. Ṣùgbọ́n Bàbá Salihin, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí àgọ́ wa, ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ hú wọn.

"Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ogun yẹn gbà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mi ò ní kó àwọn tó kù lọ láìmọ̀ bí agbára àwọn èèyàn yìí ṣe tó."

Agbára wọn gan-an lọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè yẹn, ọkọ̀ ogun onírin tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn na ẹnu ìbọn sí wa. Àwọn Táliánì tí wọ́n ń pè ní Fásísì yìí sì fẹ́ràn àṣehàn. Ní àràárọ̀, tí oòrùn bá ti yọ, gbogbo wọn á tò síta, wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni ń wò ó bóyá òjò ń rọ̀, wọ́n á wá máa pariwo orúkọ ọ̀gá wọn tó wà ní Róòmù, bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ìbátan mi Yadim lọ ka àwọn ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn igi, ó ní ogún. Ẹlòmíì lọ, ó ní ogójì. Òkèèrè ni wọ́n wà, ẹ̀rù ló ń bá wọn kà á.

"Èmi á lọ," mo ní.

Yadim bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó o pa ìkookò lọ́dún tó kọjá, tá a débẹ̀ tó jẹ́ ajá Bàbá Salihin?"

"Ajá tó ń di ìkookò bọ̀ ni!"

Mo kó ewúrẹ́ mi, ó di orí òkè. Ta ló ń bi darandaran léèrè? Bá a ṣe débẹ̀, Warda gba abẹ́ wáyà ọgbà wọn wọlé, ó lọ bá ọkọ̀ ogun tó wà léti. Mo fàyà fà tẹ̀lé e. Ni mo bá gbọ́ fàà! Ewúrẹ́ mi ti ń jẹ ọkọ̀ ogun! Aṣọ ni, tí wọ́n kùn lọ́dà. Igi ló wà lábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n fi okùn so bí àgọ́ wa. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tán. Ni sójà kan bá rí wa. Ẹgbẹ̀rún ọta ìbọn ló gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Ó dáa, ẹyọ kan ni, àmọ́ ó gbóná tó ẹgbẹ̀rún.

Mo sáré délé, mo ròyìn. Yadim ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ewúrẹ́ jẹ ọkọ̀ ogun. Tó bá wá bímọ, ṣé ọta ìbọn ló máa bí?"

"Wọ́láhì, ó jẹ ẹ́!"

"Aṣọ tó jẹ dà?" Bàbá Salihin bi mí.

Ọwọ́ mi ṣófo. Ìyá mi wò mí, ó wo Warda tó dúró lẹ́nu àgọ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó tún wò mí. Ó kàn na ọ̀bẹ sí mi.

Mo gbà á. Mo ní Bìsímílà, mo pa á. Bàbá Salihin fúnra ẹ̀ ló la àpòlúkù. Aṣọ ló jáde, aṣọ tó le gbagidi, ọ̀dà aláwọ̀ iyanrìn ṣì wà lára ẹ̀, pẹ̀lú ìdajì okùn. Ó fọ̀ ọ́, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Ẹni tó ní ẹṣin kì í gun igi," ó ní. Ó wá gbójú sókè. "Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn ló rí báyìí?"

"Gbogbo wọn" ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti ń já bọ́. Ìyá mi ò mí.

"Ẹyọ kan ni mo rí, Bàbá. Mi ò mọ tàwọn tó kù."

"Lamlum," Yadim ní, "ṣé ara ẹ yá ṣá?"

Bàbá Salihin ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ hú àwọn ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gba àfonífojì tó wà níwájú àwọn ọkọ̀ yẹn, bí Yadim ṣe fẹ́. Ẹyọ kan lọmọ yìí rí. Ẹ̀yìn la máa gbà."

Nígbà tóòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n na ọwọ́ síta tí wọ́n ń pariwo, tí ìbọn wọn fara ti ògiri, a yọ sí wọn. Mo fo ògiri tó ga tó igi ọ̀pẹ méjì. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìbọn wọn ti wà lọ́wọ́ wa. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn bá dún gbàù! Irin gidi nìyẹn o! Ọta ẹ̀ lọ bọ́ sínú àfonífojì iwájú, ibi tí Yadim ti fẹ́ ká gbà tẹ́lẹ̀. Yadim wo èéfín yẹn.

"Ká ní o sọ pé gbogbo wọn..." ó ní.

Miftah jáde, ó ti gbẹ bí igi, ojú ẹ̀ kan wú. Nígbà tá a délé, wọ́n ti ń tú àgọ́, ràkúnmí ti ń ké, torí ọkọ̀ òfuurufú wọn ò ní pẹ́ dé. Ìyá wa rọ́ ẹran sísè sí i lọ́wọ́. Ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ojú ẹ̀ ń wá nǹkan láàárín àwọn ewúrẹ́.

"Warda dà?"

Mo wo ẹran tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó jẹ ọkọ̀ ogun."

Miftah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Lamlum, Lamlum! Ìwọ ò ní yí padà láé."

Mo kọjú sí Yadim pé kó bá mi jẹ́rìí. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń di ẹrù mọ́ ràkúnmí, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín. Lókè lọ́hùn-ún, nǹkan kan ti ń kùn bọ̀ láti etí òkun.